Kí ló wà nínú ìpá? Ohun tí àwọn dókítà ń bá níbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe

Bí èèyàn bá wọ ọkọ̀ èrò láti Ọjọ́ọ̀ta sí Ìbàdàn, tàbí tó kàn ṣí WhatsApp rẹ̀ láàárọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ìpolówó àgbo ìpá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: mu ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìpá á wọlé padà, abẹ kò ní kàn ọ́. Kò sí èyí tó ń sọ ohun tó fẹ́ wọlé padà náà. Ṣé ìfun ni àbí ọ̀rá? Àpò ìtọ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń tàgbo kò mọ̀, ẹni tó ń rà á kò mọ̀, dókítà pàápàá kì í sábà mọ̀ ọ́n tán àfi tó bá là á. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì máa ń ju èje lọ. Àwọn ohun àrà tí wọ́n ti bá nínú ìpá ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, torí àwọn gan-an ló fi hàn pé kò sóhun tí àgbo lè ṣe sí i, àti pé ìpá tí a tún ṣe nígbà tó ṣì kéré yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí a gbé dé ilé ìwòsàn ní pàjáwìrì.

Kì í ṣe gbogbo ẹpọ̀n tó wú ni ìfun wà nínú rẹ̀ o. Omi lásán ló yí kóró ẹpọ̀n àwọn kan ká. Kòkòrò tí ẹ̀fọn ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló sọ ti àwọn mìíràn di ńlá. Ìpá tí à ń sọ níbí ni èyí tó ti inú ikùn wá. Ó ń yọ ní ìsàlẹ̀ ikùn níbi tí itan ti so mọ́ ọn, ó ń tóbi bí èèyàn bá wúkọ́ tàbí tó gbé ẹrù, ó sì ń wọlé bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó kéré tán ní ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá pẹ́, ó lè sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ẹpọ̀n.

Ojú ọ̀nà tó ń gbà jáde ti wà tipẹ́. Nígbà tí ọmọkùnrin ṣì wà nínú oyún, ẹ̀bá kíndìnrín ni kóró ẹpọ̀n rẹ̀ wà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀, tó sì ń gba ọ̀nà tóóró kan láàárín àwọn iṣan ikùn kó tó dé àpò rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀nà náà dí lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá dí, ọmọ lè gbé ìpá wáyé. Bó bá sì dí, ibẹ̀ ṣì jẹ́ ibi tí ògiri ikùn ti fẹ́lẹ́: bí túùbù ṣe ń yọ níbi tí táyà ti là, bẹ́ẹ̀ ni awọ inú ikùn ṣe ń yọ níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ikọ́ tí kò lọ, ìgbẹ́ líle, ẹrù wíwúwo, àti wàhálà àwọn bàbá tó ń tiraka kí wọ́n tó lè tọ̀ nítorí prostate wọn, ẹ̀yà ara tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, ti wú, gbogbo rẹ̀ ló ń tì í síta. Nínú ọkùnrin 100, bíi 27 ni yóò ní in nígbà ayé wọn. Nínú obìnrin 100, bíi 3. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé obìnrin kì í ní ìpá ń ṣi ìyá kan lọ́nà. Oríṣi kan tiẹ̀ wà tó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, tó ń yọ nísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, lókè itan. Ihò tirẹ̀ há gan-an, ó sì máa ń tètè fún ìfun.

Kí ìpá há ló ń pààyàn. Ìfun tó jáde á wú, ojú ihò á fún un mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́, láàárín wákàtí mélòó kan ìfun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìpá tó ti ń wọlé tẹ́lẹ̀ á kọ̀ láti wọlé, á le, á máa dunni gan-an. Èébì á dé, ikùn á wú, ìgbẹ́ àti ìsó á dúró. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ jẹun, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé fi ipá tì í wọlé. Ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìpá kì í tẹ̀lé ìwé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1735, ní ilé ìwòsàn St George's ní London, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan wá sọ́dọ̀ Claudius Amyand, oníṣẹ́ abẹ fún ọba George Kejì. Láti kékeré lọmọ náà ti ní ìpá, ṣùgbọ́n nígbà yìí egbò kan ti lu láàárín àpò ẹpọ̀n àti itan rẹ̀, ẹ̀gbin sì ń tibẹ̀ jáde. Amyand là á kó lè wo egbò náà sàn. Àpẹ́ńdíìsì ló bá nínú ìpá, ẹ̀ka ìfun kékeré tó yẹ kó wà nínú ikùn lọ́wọ́ ọ̀tún. Pínnì kan tí ọmọ náà ti gbé mì ti gún un lu, ìdọ̀tí tó ti gan bí òkúta sì ti dì mọ́ pínnì náà lára. Iṣẹ́ náà gbà tó ààbọ̀ wákàtí, láìsí oògùn amúnisùn kankan, torí 1846 ni ether ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò ná, ọmọ ọdún mọ́kànlá! Ọmọ náà yè é. Títí di òní, òun ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ayé ní nípa gígé àpẹ́ńdíìsì kúrò lára èèyàn, ọ̀rọ̀ ìpá ló sì gbé e wá.

Orúkọ Amyand ni wọ́n fi ń pe ìpá tó bá ní àpẹ́ńdíìsì nínú. Bíi ẹyọ kan nínú ìpá 100 ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì sí ohun tó ṣe àpẹ́ńdíìsì náà. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, dókítà á dá a padà sínú ikùn, á sì fi àwọ̀n ìṣègùn, èyí tó ń mú ògiri ikùn le, tẹ́ ojú ihò náà bó ti yẹ. Bó bá ti ń jẹrà, á gé e kúrò, kò sì ní fi àwọ̀n sí i lọ́jọ́ náà, torí kòkòrò àrùn lè sá pamọ́ sára àwọ̀n. Ohun tí wọ́n bá nínú ìpá ló ń pinnu bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti Richter. August Gottlieb Richter, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1778. Ẹ̀gbẹ́ kan lára ìfun péré ni ihò náà há mọ́, inú ìfun ṣì ṣí sílẹ̀ kí oúnjẹ kọjá. Aláìsàn ṣì ń yàgbẹ́, ó ṣì ń só, ikùn rẹ̀ lè má wú rárá. Àwọn àmì tí mo kà lókè yẹn, ó lè jẹ́ pé kò sí èyí tó pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ ìfun ń kú lọ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á rọ̀, ẹni tó bá wò ó á ní eéwo ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi abẹ́fẹ́lẹ́ tu ìpá nílé tàbí ní kẹ́míìsì, tí ìgbẹ́ á wá máa jáde lójú ibi tí wọ́n là. Nígbà míì, awọ ẹpọ̀n á bẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà ní Nàìjíríà àti ní Íńdíà ti kọ ìròyìn irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn mìíràn nínú wọn yè, torí ohun tó jẹrà rí ọ̀nà gbà síta dípò kó tú sínú ikùn. Irú ìyè yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ara rẹ̀ sí.

Ti Maydl tún yàtọ̀. Karel Maydl, ará Czech, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1895. Ìká ìfun méjì ló bọ́ sínú ìpá, èyí tó so méjèèjì pọ̀ sì wà nínú ikùn, tí gbogbo rẹ̀ wá rí bíi lẹ́tà W. Èyí tó wà nínú ikùn, tí ojú kò rí, òun gan-an ni ẹ̀jẹ̀ kì í dé mọ́. Dókítà á ṣí ìpá, á rí ìfun tó dán méjì, inú rẹ̀ á dùn, á fẹ́ tì wọ́n padà. Bí kò bá fa ti àárín jáde wò, ó ti fi òkú ìfun sílẹ̀ nínú ikùn nìyẹn. Nínú ìpá ńlá tó ti dé àpò ẹpọ̀n ló máa ń ṣẹlẹ̀, irú èyí tó pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ ìdí tí mo fi ní kí ẹnikẹ́ni má fi ipá ti ìpá tó há.

Àpò ìtọ̀ náà ń bọ́ síbẹ̀, pàápàá lára àwọn bàbá. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ á tọ̀ tán, kó tó rìn jìnnà á tún fẹ́ tọ̀. Bó bá fi ọwọ́ tẹ ìpá rẹ̀, ìtọ̀ á tún wá. Prostate ni wọ́n sábà máa ń rò pé ó fà á, ó sì lè jẹ́ pé méjèèjì ló ní. Dókítà tí kò bá béèrè ọ̀rọ̀ yìí kó tó gé e lè ya àpò ìtọ̀.

Ilé ọmọ sì ti jáde rí nínú ìpá ọkùnrin. Kì í ṣe ìtàn àlọ́. Nínú oyún, gbogbo ọmọ, ìbáà ṣe akọ tàbí abo, ló ní ohun tó lè di ilé ọmọ. Kóró ẹpọ̀n ọmọkùnrin ló ń ṣe èròjà kan tó ń pa á rẹ́. Bí èròjà náà kò bá sí, tàbí tí ara kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ á di ọkùnrin tó pé níta, tó nírùngbọ̀n, tó gbéyàwó, àmọ́ ilé ọmọ kékeré ṣì wà nínú rẹ̀. Àmì tó sábà máa ń wà tẹ́lẹ̀ ni pé kóró ẹpọ̀n kan kò sọ̀ kalẹ̀ láti kékeré. Ọjọ́ tí wọ́n bá la ìpá rẹ̀ ni wọ́n á rí i. Ọkùnrin ni o, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ ọ́ di ohun ẹ̀sín, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé kóró ẹpọ̀n tí kò sọ̀ lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú, ó sì lè má jẹ́ kó bímọ.

Lára ọmọbìnrin jòjòló, ilé ẹyin ló máa ń bọ́ síbẹ̀. Ìyá á rí kókó kékeré kan nísàlẹ̀ ikùn ọmọ, tí kì í dun ọmọ náà, tí kò sì ṣeé tì wọlé. Ẹ má ṣe fọwọ́ pa á, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìpẹ́, torí ilé ẹyin lè lọ́ mọ́ra rẹ̀ kó sì kú. Ẹ má sì fi ti ìdodo ṣe àfiwé. Ìdodo tó yọ, tí àwọn ìyá wa ń fi owó ẹyọ dì mọ́lẹ̀, sábà máa ń wọlé fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, láìjẹ́ pé owó ẹyọ náà ló ṣe é. Ìpá ọmọdé kì í wọlé lọ pátápátá fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn ju ti àgbà lọ: wọ́n á so ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó ti dí, ó parí, kò sí ọ̀rọ̀ àwọ̀n.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun àrà yìí, ìpá ńlá ló jẹ́ tiwa jù lọ. Èyí tó bá dé àárín itan nígbà tí èèyàn bá dúró ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń pè bẹ́ẹ̀. Dókítà ní Yúróòpù lè ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì láìrí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Lọ́dọ̀ wa, agbádá àti ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ ti bo púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àìlówó wà níbẹ̀, àgbo náà sì ń jẹ ọdún lẹ́yìn ọdún. Kì í ṣe títóbi nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Bí ìfun bá ti gbé ìta fún ogún ọdún, ikùn tó fi sílẹ̀ á sún kì. Bí a bá dá gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, á ti iṣan abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró sókè, á tẹ àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sọ́kàn. Iṣẹ́ abẹ á yọrí, aláìsàn á sì kú nítorí kò lè mí. Iván Goñi Moreno ní Argentina ló ronú ọ̀nà kan ní àwọn ọdún 1940: wọ́n á máa fa afẹ́fẹ́ sínú ikùn díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kó lè fẹ̀, kí ìfun tó padà sílé. Lóde òní, wọ́n tún ń gún abẹ́rẹ́ Botox sí iṣan ẹ̀gbẹ́ ikùn ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú kí iṣan náà lè dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Botox tí àwọn gbajúmọ̀ ń gún sójú kí wọ́n má bàa hun jọ. Iṣẹ́ tí ì bá gba wákàtí kan nígbà tí ìpá kéré, ó ti di ti ilé ìwòsàn ńlá, àwọn amúnisùn tó dáńgájíá, àti ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, kí Edoardo Bassini tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Padua ní 1884, ọ̀pọ̀ ìpá tí wọ́n bá gé ló ń padà. Òun ló tún ògiri ẹ̀yìn ọ̀nà náà mọ, tó ran iṣan mọ́ okùn ara tó le, ní ìpele-ìpele. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ayé ti ń lò ó, àwọn ilé ìwòsàn wa kan ṣì ń lò ó. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun tó jìnnà síra ló ń fà pọ̀. Ó ń dunni, ibi tí wọ́n rán sì lè já. Earle Shouldice ní Toronto tún un ṣe dáadáa sí i, ó sì ṣí ilé ìwòsàn tí kò ń tọ́jú nǹkan mìíràn ju ìpá lọ ní 1945. Ní àwọn ọdún 1980 ni Irving Lichtenstein ní Los Angeles wá sọ pé kí ló dé tí a fi ń fà á: ẹ tẹ́ àwọ̀n polypropylene, irú ike kan, sí i, kí ara hù wọ inú rẹ̀. Èyí ni ìlànà àgbáyé tó jáde ní 2018 ń gbà níyànjú fún àgbàlagbà, yálà wọ́n là á tàbí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe é. Mohan Desarda ní Íńdíà ní ọ̀nà mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń fi ìrẹ́ ara aláìsàn fúnra rẹ̀ dípò àwọ̀n, àwọn dókítà kan ní Nàìjíríà sì ti ń lò ó.

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà á béèrè nípa ìpolówó tí àwọn lọ́yà ń ṣe lórí ẹjọ́ àwọ̀n ìpá. Òótọ́ ni pé àwọ̀n kan ti dá wàhálà sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ilé iṣẹ́ BD, tó ń ṣe ohun èlò ìṣègùn, kéde pé òun ti gbà láti parí ẹjọ́ tó tó 38,000 lórí àwọ̀n ìpá. Ìrora tí kò lọ bọ̀rọ̀ náà wà, ó ń bá bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì ń bá àwọn tí wọn kò fi àwọ̀n sí lára náà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn bá dókítà rẹ̀ sọ ni, kì í ṣe ìdí láti gbé ìpá dé àárín itan.

Lọ́dọ̀ wa, iye tí wọ́n ń ta àwọ̀n náà ló ń dí ọ̀nà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Dókítà Tongaonkar ní abúlé kan ní Íńdíà rí i pé aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe àwọn àwọ̀n ẹ̀fọn kan kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ilé ìwòsàn. Ó gé e, ó sè é mọ́, ó sì fi í tún ìpá ṣe. Ẹgbẹ́ Operation Hernia, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Takoradi ní Ghana ní 2005, gbé e kiri. Ní 2016, ìwádìí kan láti ìlà oòrùn Uganda jáde: wọ́n pín ọkùnrin bí 300 sí ọ̀nà méjì, àwọ̀n olówó ńlá fún àwọn kan, àwọ̀n ẹ̀fọn fún àwọn yòókù. Dọ́là 125 ni ọ̀kan, bíi dọ́là kan ni èkejì. Lẹ́yìn ọdún kan, ìpá ẹyọ kan péré ló padà láàárín àwọn tí wọ́n fi àwọ̀n ẹ̀fọn sí lára, kò sí èyí tó padà láàárín àwọn tó gba àwọ̀n olówó ńlá, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yín o. Èyí tí kò ní oògùn ẹ̀fọn ni, tí wọ́n sè nínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwámárìí. Oníṣẹ́ abẹ wa kan, Dókítà Olúyọ̀mbọ̀ Awójobí tó di olóògbé ní 2015, ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Erúwà, ó sì fi àgbá kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀.

Ta ló máa ṣe é? Africa Mercy, ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ ilé ìwòsàn, ti wá sí Kútọnu ní 2016 sí 2017, ó sì ṣiṣẹ́ ìpá níbẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi a máa padà lọ. Ní Sierra Leone, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ní iṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n sì fi wọ́n wé dókítà nínú ìwádìí tó jáde ní 2021. Láàárín ọdún kan, ìpá padà lára ìdá 0.9 nínú 100 àwọn tí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe, àti 6.9 nínú 100 àwọn tí dókítà ṣe. Mi ò rò pé àwọn ẹgbẹ́ dókítà wa ní Nàìjíríà máa gbà á lónìí, ṣùgbọ́n èsì náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ẹni tí ìpá rẹ̀ kéré, tí kò sì dùn ún, ṣé ó lè dúró? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín ọkùnrin 720 tí ìpá wọn kò ni wọ́n lára. Àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn kan dúró, èsì sì jáde ní 2006. Ìpá tó há kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó dúró, kò tó méjì nínú ọkùnrin 1,000 lọ́dún. Àwọn wọ̀nyẹn ní ọkọ̀ aláìsàn tó ń dáhùn fóònù, ilé ìwòsàn sì wà nítòsí. Ẹni tó wà ní abúlé lẹ́yìn Ṣakí, tó máa wá ọ̀kadà lóru kó tó rí dókítà, kò sí lára àwọn tí wọ́n wádìí. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo rò pé kó lọ ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá: abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú lè tó fún ìpá kékeré, ó sì lè padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn náà, nígbà tí wọ́n tún tọ́pa wọn, ó hàn pé bí 68 nínú 100 àwọn tó yàn láti dúró ni yóò ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ìrora ló sì lé ọ̀pọ̀ jù lọ síbẹ̀.